Kí Ló Kan Ẹbí Bàbá Nínú Ọ̀rọ̀ Ọmú?

Orúkọ tí òbí fún obìnrin náà wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi pè é. Tẹ̀ Ẹ́ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Olùkọ́ awakọ̀ ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀ báyìí, ohun tí àwọn tó wà lójú títì máa ń gbọ́ láti ojú fèrèsé ni, "Tẹ̀ ẹ́! Mo ní kí o tẹ̀ ẹ́! Bíréèkì ni mo wí, o tún ń fún un níná!"

Ó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún. Ẹnu rẹ̀ dùn, ẹ̀rín ò sì jìnnà sí i. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kì í mọ bó ṣe ń dúró. Á rín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á máa nawọ́ wá ohun tó máa dì mú kó má baà ṣubú. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún aago ṣe, máa ń sọ pé ìyàwó òun nìkan ni ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì ládùúgbò.

Ọrùn ló gbé e dé ilé ìwòsàn àdúgbò lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ọrùn náà ti gan. Bó bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, àfi kó yí gbogbo ara pọ̀ bí ẹni tí wọ́n de igi mọ́ lẹ́yìn. Ó jókòó sórí àga rọ́bà níta títí wọ́n fi pè é. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn tábìlì, àwọn méjèèjì sì kígbe pọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì yìí. Ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́, tó lè gún ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́ kí ọmọ náà má tilẹ̀ mọ̀, àmọ́ tí kò tíì lè gba oríta kan kọjá láìdijú. Ó ti ṣe ìdánwò ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò yege. Ẹni tó ń dán an wò nígbà kejì ti ní òun ò tún bá a jókòó mọ́.

"Ẹ jókòó, Àǹtí. Kí ló ṣe ọrùn yín?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀?"

"Lọ́jọ́sí tí ẹ rí ewúrẹ́ tí ẹ tẹ bíréèkì bí ẹni tẹ ejò lórí. Ewúrẹ́ yẹn wà lódìkejì títì o. Inú ọgbà ló wà!"

Ojú ti nọ́ọ̀sì débi pé ó fi ìwé bojú. Ó tọrọ àforíjì, ó yẹ ọrùn náà wò, ó fọwọ́ wá ibi tó ti ń dùn ún, ó ní iṣan ló fà, yóò lọ. Ó fún un ní òróró ìpara àti oògùn. Tẹ̀ Ẹ́ ti ń dìde ni nọ́ọ̀sì ní kó dákun kó jókòó díẹ̀ sí i.

"Ẹ ti lé lógójì. Gbogbo obìnrin tó bá ti tó bẹ́ẹ̀ là ń bi ní ìbéèrè nípa ọmú wọn. Kì í ṣe pé a rí nǹkan kan lára yín. A kàn fẹ́ mọ bí ewu jẹjẹrẹ ọmú ṣe súnmọ́ yín tó, àbí bó ṣe jìnnà tó, ká lè mọ irú ìtọ́jú tó yẹ yín."

Ohun tó ṣe Tẹ̀ Ẹ́ lọ́jọ́ náà, kò yé òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀rín gbé e.

"Ọmọ ọdún mélòó lẹ wà nígbà tí ẹ kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù?"

"Èmi tí mò ń kọ́ yín ní rìfáàsì," ó ń di etí tábìlì mú, "ẹ wá ń bi mí ní nǹkan oṣù!"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo rò pé mo ti jókòó lé tòmátì ni."

Nọ́ọ̀sì náà rín. Ó bi í pé ìgbà wo ló bí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Tẹ̀ Ẹ́ ní òun ti lé lọ́gbọ̀n dáadáa. Ó bi í bóyá ó ń mu ọtí, ó ní bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun bá ń wakọ̀ báyìí lọ, òun máa bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá bi í bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu bí omi tí wọ́n dà sórí yanrìn. Ó wo aago ara ògiri. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń dúró de òun. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró dè é. Ó gbé àpò rẹ̀, ó ní "ẹ ṣeun o", ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀kọ́ ọkọ̀ kan nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín: nínú yàrá ilé ìwòsàn, "ẹ" ni Tẹ̀ Ẹ́ ń pe nọ́ọ̀sì. Nínú ọkọ̀, "ìwọ" ni, kò sí àpọ́nlé.

Nọ́ọ̀sì jókòó, ó de bẹ́líìtì, ó wo dígí. Kò sọ nǹkan kan nípa àná, torí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yàrá kì í bá èèyàn jáde síta. Wọ́n rìn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ló ń yọ Tẹ̀ Ẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó ti fi gbogbo òru yí lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹja inú agbọ̀n.

"Dẹ jíà sílẹ̀. Ìbéèrè tó o bi mí lánàá, kí ni ìdáhùn rẹ̀ fẹ́ ṣe fún ọ?"

"Ṣé ká sọ ọ́ nínú ọkọ̀?"

"Ibi tí mi ò ti lè sá nìyí. Máa sọ. Wo iwájú!"

"Bí ẹbí yín bá ní in, ewu tiyín lè ga ju ti ẹlòmíràn. Àwọn ìyá yín ńkọ́?"

"Ìyá mi? Ara rẹ̀ le bí ọta. Ó ti pé àádọ́rin ọdún, ó ṣì ń fo gọ́tà. Àwọn àǹtí mi níbi ìyá mi náà, kò sí èyí tó ṣe nǹkan kan. Ó tán. Yà sọ́tùn-ún."

"Àwọn ẹbí bàbá yín ńkọ́?"

"Kí ló kan ẹbí bàbá nínú ọ̀rọ̀ ọmú? Ṣé bàbá mi ló fún mi lọ́mú ni?"

Nọ́ọ̀sì yíjú sí i pátápátá, ó gbàgbé pé òun ló ń wakọ̀. "Àǹtí, ìdajì ẹ̀jẹ̀ yín, bàbá yín ló ni ín! Ohun tó bá ń tọ ẹbí ọkùnrin lẹ́yìn lè gba ara rẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, kí òun fúnra rẹ̀ má sì mọ̀ pé òun gbé e. Gbogbo èèyàn ló máa ń gbàgbé ẹ̀gbẹ́ yẹn!"

"Títì! Wo títì! Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ gbọ̀n, ó kú sí àárín oríta gan-an. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Ọkùnrin kan yọrí síta, ó ní ṣé ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́lé sí ni. Tẹ̀ Ẹ́ yọrí síta tiẹ̀ náà, ó dá a lóhùn pé, "Ẹ ní sùúrù, à ń sọ̀rọ̀ ọmú!" Ọkùnrin náà sáré fa orí wọlé. Nọ́ọ̀sì gbé orí lé sítíárìn, ó ń rín, Tẹ̀ Ẹ́ náà ń rín, fèrè ń dún lọ́tùn-ún lósì, kò sì sí ẹni tó lè yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, Tẹ̀ Ẹ́ nu ojú rẹ̀, ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá mi ní àbúrò kan lóbìnrin, Àǹtí Oníkọ́tìnnì. Òun ló sọ sí mi lọ́kàn lánàá. Ọdún kan wà tí a kàn wá a tì. Wọn ò sọ ibi tó lọ fún wa."

Ilé ìyá rẹ̀ ló gbà lọ látibẹ̀. Ìyá ń ká aṣọ gbígbẹ lórí okùn lẹ́yìnkùlé.

"Ìyá, ní ọdún tí Àǹtí Oníkọ́tìnnì lọ, ibo ló lọ gan-an?"

Ìyá rẹ̀ fi aṣọ tó mú sí èjìká. "Wọ́n ní ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán kọ́tìnnì. Mo bi bàbá rẹ pé kọ́tìnnì wo ni wọ́n fi odindi ọdún kọ́? Ó ní kí n fi ẹnu mi ṣe nǹkan míràn. Kí bàbá rẹ tó kú, mo tún bi í, ó ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tòun láti sọ. Kí ló dé?"

Tẹ̀ Ẹ́ sọ fún un. Ìyá rẹ̀ kò ká aṣọ tó kù. Ó wọ bàtà.

Àǹtí Oníkọ́tìnnì ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Òun ló ń rán kọ́tìnnì fún ilé, ọ́fíìsì àti ilé ẹ̀kọ́ káàkiri. Bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, aṣọ ló ń rọ̀ láti òkè dé ilẹ̀, aláwọ̀ ewé, olómi aró, olódòdó. Wàá máa fọwọ́ là á títí wàá fi bá obìnrin náà lẹ́yìn rẹ̀, tó jókòó sídìí máṣíìnì, tí okùn ìwọnṣọ rọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ó sanra, ó ga, ohùn rẹ̀ sì pọ̀ tó fún yàrá mẹ́ta.

"Ta ló ń fa kọ́tìnnì mi?"

"Àwa ni, ọkọ mi," ìyá Tẹ̀ Ẹ́ dáhùn. Ẹ mọ̀ pé obìnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin ti fẹ́ àbúrò ọkọ náà mọ́ ọn.

"Ìyàwó wa! Àti ọmọ mi awakọ̀! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," Tẹ̀ Ẹ́ sọ. Ó ti ń palẹ̀ ọ̀rọ̀ náà mọ́ láti ọ̀nà, àmọ́ nígbà tó la ẹnu, ó já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. "Àǹtí, ní ọdún tí ẹ lọ, ṣé jẹjẹrẹ ọmú ni?"

Máṣíìnì dákẹ́. Àǹtí wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ìyàwó wọn. Ó yọ abẹ́rẹ́ tó fi sẹ́nu, ó gún un mọ́ aṣọ.

"Ẹ ti ilẹ̀kùn."

Wọ́n tì í. Àǹtí Oníkọ́tìnnì ki ọwọ́ bọ àyà rẹ̀ lápá òsì, ó fa nǹkan kan yọ, ó sì jù ú sórí tábìlì ìgéṣọ. Tìmùtìmù kékeré kan ni, roboto, aṣọ inú kọ́tìnnì ló fi rán an. Bó ṣe balẹ̀, ó dún ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Ìyá Tẹ̀ Ẹ́ fò sẹ́yìn sínú kọ́tìnnì, ó kígbe.

"Kí ló wà nínú rẹ̀ tó ń dún?"

"Òwú. Mo wá fi bọ́tìnì sí i, kó lè wúwo bíi ti èkejì. Bí ò bá wúwo, ó máa ń gun òkè wá sí ọrùn tí mo bá ń jó."

Ìyá Tẹ̀ Ẹ́ fọwọ́ lu ẹnu. "Ìró yẹn! Ọkọ mi! Gbogbo ọdún tí a ti ń jó pọ̀, tí mò ń gbọ́ ìró yẹn, mo rò pé kọ́kọ́rọ́ ilé lẹ ń kó sáyà! Mo máa ń sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé àbúrò rẹ ò fọkàn tán wa, ó kó kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ wá sóde!"

Ó parí. Àǹtí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti inú ikùn wá. Ìyá Tẹ̀ Ẹ́ tẹ̀ lé e. Tẹ̀ Ẹ́ gbé tìmùtìmù náà, ó mì í létí, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ló bá di pé kò lè nàró mọ́. Ó di kọ́tìnnì kan mú, kọ́tìnnì já, òun àti kọ́tìnnì ṣubú lé ìyá rẹ̀ lórí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nílẹ̀ lábẹ́ aṣọ olódòdó, wọ́n ń rín, wọ́n ń sunkún. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, èkejì á ní "kọ́kọ́rọ́ ilé", wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, Àǹtí Oníkọ́tìnnì sọ ọ́. Kò tíì pé ogójì ọdún nígbà tó fọwọ́ kan kókó kan nígbà tó ń wẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bàbá Tẹ̀ Ẹ́, ló mú un lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n gé ọmú náà, wọ́n fún un ní oògùn tó mú kí gbogbo irun rẹ̀ re. Ibẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán kọ́tìnnì lọ́dọ̀ obìnrin tí bẹ́ẹ̀dì wọn jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nítorí náà, ìdajì irọ́ ni wọ́n pa.

"Nígbà yẹn, bí èèyàn bá gbọ́ 'jẹjẹrẹ', òkú ló ti ń gbọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ojú òkú wò mí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n máa fi ojú oníwàhálà wò mí."

"Ìyá yín ńkọ́?" Tẹ̀ Ẹ́ béèrè. "Ìyá bàbá mi. Wọ́n ní àyà ló ń dùn wọ́n kí wọ́n tó kú."

Àǹtí kò rín mọ́. "Ọmú ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ rẹ̀."

Tẹ̀ Ẹ́ jókòó nílẹ̀ níbẹ̀. Inú bí i, kò sì lè fi pamọ́. "Ó yẹ kí n mọ̀, Àǹtí. Ara mi ni. Ọmọ mi náà wà lẹ́yìn mi."

"Ó yẹ kí o mọ̀," ni Àǹtí wí. Kò wá àwáwí. Ó da tìmùtìmù rẹ̀ padà sáyè, ó tẹ̀ ẹ́ dọ́gba, ó wá ní, "Ìgbà wo lẹ máa padà lọ rí nọ́ọ̀sì yẹn? Mò ń bá yín lọ."

Ilé ìwòsàn ò tíì rí irú rẹ̀. Àǹtí Oníkọ́tìnnì jókòó sí gbọ̀ngàn ìdúró, kò sì tíì pẹ́ níbẹ̀ tó fi ní kọ́tìnnì wọn kúrú, àṣírí àwọn aláìsàn ń tú. Obìnrin kan tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín, Àǹtí fà á mọ́ra, ó ń sọ ìtàn tìmùtìmù fún un. Láìpẹ́ gbogbo àga ti yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́ jáde tó mì í fún wọn gbọ́, ẹ̀rín wọn dé yàrá dókítà, dókítà sì jáde wá wò bóyá nǹkan ṣẹlẹ̀.

Nínú yàrá, nọ́ọ̀sì tún gbogbo ìbéèrè náà bi Tẹ̀ Ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fi ti ìyá bàbá àti ti àbúrò bàbá kún un, ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Tẹ̀ Ẹ́ ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ojú ẹni tó ń dán an wò.

"Ewu tiyín ga ju ti ọ̀pọ̀ obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ yín lọ," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ó ti wà lára mi nìyẹn?"

"Rárá o. Àǹtí, ẹ gbọ́. Bí òjò bá ń rọ̀, kí lẹ máa ń sọ fún mi?"

"Pé ọ̀nà ń yọ̀."

"Ṣé gbogbo ẹni tó bá wakọ̀ nínú òjò ló máa ń kó sí kòtò?"

"Rárá. Ẹ̀yin nìkan ni."

Nọ́ọ̀sì fi ara da èébú náà. "Kí wá ni kí ẹni tó wà nínú òjò ṣe?"

"Kó rọra. Kó tan iná. Kó lajú."

"Ó tán. Ohun tí a fẹ́ ṣe nìyẹn. Ẹ ó máa ya àwòrán ọmú lọ́dọọdún. Bí ẹ bá rí ohunkóhun tó yí padà lára wọn, ẹ má dúró, ẹ wá. Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ohun tí ń tọ ẹ̀jẹ̀ ẹbí yóò sì gba ẹ̀jẹ̀ lára Àǹtí Oníkọ́tìnnì, torí ara ẹni tó ti ní àrùn náà ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ wá a."

Ọjọ́ àwòrán, obìnrin kan tí ojú rẹ̀ le bí ojú olùkọ́ ìṣirò ló mú un wọ yàrá. Ẹ̀rọ náà ga, ó tutù, ó ní pátákó méjì tí wọ́n máa ń gbé ọmú sí àárín wọn. Obìnrin náà tò ó síbẹ̀ bí ẹni to ìyẹ̀fun pípò sínú páànù. Ó wá ní,

"Ẹ mú èémí dúró. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ Tẹ̀ Ẹ́.

"Màdáàmù, ẹ má mira. Mò ń tẹ̀ ẹ́."

"Orúkọ mi nìyẹn!" Tẹ̀ Ẹ́ ké, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ogún ọdún ni mo ti ń pariwo ẹ̀ lé wọn lórí! Ẹ̀san dé!"

Àwòrán àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ìkejì bàjẹ́. Nígbà tó máa di ìkẹta, obìnrin olójú líle náà ti ń bu ètè jẹ, ó kọjú sí ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ń mì. Ó dùn Tẹ̀ Ẹ́ díẹ̀, ká má purọ́, àmọ́ ìgbà tó fi máa rántí pé ó ń dùn, ó ti tán.

Wọ́n wá pè é lórí fóònù.

Ọkọ rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohùn tó wà nínú fóònù jẹ́jẹ́: wọ́n rí òjìji kékeré kan lápá òsì, wọ́n fẹ́ kó padà wá kí wọ́n fi ẹ̀rọ mìíràn wò ó. Kó má bẹ̀rù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í já sí nǹkan kan. Ó ní ó dáa. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé aago kan tó ti tún ṣe, ó tú u, ó tún un tò, ó tún tú u. Nígbà tó yá, ó fi í sílẹ̀, ó wá jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Títí dìgbà tí ọjọ́ náà fi pé, Tẹ̀ Ẹ́ ń kọ́ àwọn èèyàn lọ́kọ̀ ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọn ò wakọ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá rẹ̀ àti Àǹtí Oníkọ́tìnnì ló bá a lọ. Wọ́n jókòó síta, kò sí ẹni tó dá àpárá. Nínú yàrá, dókítà fi nǹkan tútù kan pa ọmú náà, ó ń rọra fa ẹ̀rọ lórí rẹ̀, ó ń wo àwòrán. Tẹ̀ Ẹ́ ń ka ihò tó wà lára àjà, kò sì mọ iye tó kà.

"Omi ni," ni dókítà wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Omi lásán. Àpò omi kékeré. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ní in. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, a ò ní fọwọ́ kàn án."

"Omi?"

"Omi."

Tẹ̀ Ẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì náà pẹ̀lú ìpara lára rẹ̀, ó dì mọ́ dókítà, gbogbo ìpara náà sì gba ara ẹ̀wù dókítà lọ. Ó ń wọ bùláòsì rẹ̀ lọ ní kọ́rídọ̀, apá kan ti wọlé, ìkejì ń fì. "Omi ni! Omi lásán ni!"

Ìyá rẹ̀ fò dìde. "Omi ò lọ́tàá!" ó ké, ó sì ká ọwọ́ sókè. Àǹtí Oníkọ́tìnnì ti ń jó. Ó ń dún bí ó ṣe ń jó, kò sì bìkítà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá, ní ẹ kú oríire o, ó ju fìlà rẹ̀ sókè, fìlà náà há sórí fáànù. Wọ́n jáde síta sínú oòrùn, àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń di ara wọn mú bí ẹni tó mu ẹ̀mu, bẹ́ẹ̀ omi tútù nìkan ni wọ́n mu láti àárọ̀.

Èsì ẹ̀jẹ̀ Àǹtí dé lẹ́yìn náà. Wọn ò rí nǹkan àjogúnbá kankan tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ wọ́n ní ìtàn ẹbí náà ṣì tó láti fi máa ṣọ́ra. Tẹ̀ Ẹ́ sì ń lọ ya àwòrán lọ́dọọdún.

Àǹtí ló ní kí wọ́n pe gbogbo ẹbí. Ó ní òun ti dákẹ́ tó. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ṣọ́ọ̀bù kọ́tìnnì kún: ọmọ, ọmọ-ọmọ, ìyàwó ilé, títí kan Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá Tẹ̀ Ẹ́, tó ti fi iṣẹ́ pípín lẹ́tà sílẹ̀ nítorí ọjọ́ orí, tó sì jókòó sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fipá mú wá. Nọ́ọ̀sì náà wá. Ó dá wakọ̀ wá ni, ó ti yege. Ó ń bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan nígun yàrá, ariwo sì pọ̀ bí ilé ẹyẹ.

Bàbá Kékeré wú ikọ́. "Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, mo ti gbọ́. Àwa ọkùnrin ò kúkú ní ọmú. Ṣé mo lè máa lọ?"

"Ẹ ní in, sà," nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. "Tiyín kàn kéré ni. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó lè mú ọkùnrin náà. Ẹ sì ní ọmọbìnrin mẹ́rin."

Bàbá Kékeré wo àyà ara rẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì bò ó, kíá, bí ọmọge tí wọ́n já wọlé bá ní balùwẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó kọ́kọ́ rín. Àga méjì ṣubú. Ọmọ rẹ̀ àgbà rín títí ó fi ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rín, kò sì yọ ọwọ́ kúrò láyà.

Nígbà tí wọ́n dákẹ́, ó dìde, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ nọ́ọ̀sì.

"Ó dáa. Àwọn ọmọ mi, ẹ wá tò sẹ́yìn mi. Ẹ máa bi mí. Ìyá tó kú yẹn, ìyá mi ni wọ́n, mo mọ̀ wọ́n ju gbogbo àwọn wọ̀nyí lọ."